Ta Ló Ń Kó Fídíò Inú Kọ̀ǹpútà Wa?

Ṣé ẹ ti fọwọ́ kan àga rí tó gbóná bí ẹni pé ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ti wà nílé láti àárọ̀? Èmi ti fọwọ́ kàn án. Àga iwájú kọ̀ǹpútà ni, nílé wa ní Abraham Adésànyà, láyé ìgbà tí wọ́n ń fẹ títì márosẹ̀ tí eruku kò jẹ́ ká ṣí fèrèsé. Mo ní oòrùn ló ràn án. Mo wo fèrèsé, kọ́tìnì bò ó pátápátá.

Ilé ọmọ mi ọkùnrin ni. Mọ́tò ló gbá a pa lójú títì yẹn kan náà, ó sì fi oyún sílẹ̀ fún Adétutù ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn fídàù, tí a ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ sàréè rẹ̀, àwọn ẹbí wá láti Awoyaya, a pín ẹrù olóògbé: aṣọ, bàtà, aago, gbogbo rẹ̀ la pín. Bùsàrí, ọmọ ìyálé mi, ní kọ̀ǹpútà lòun fẹ́. Adétutù gbé e mọ́ àyà, ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn fídíò wà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń bá oyún sọ̀rọ̀, tó ń kọrin fún un. Hameedat tí a padà bí, ibẹ̀ nìkan ló ti mọ bàbá rẹ̀. Bùsàrí bínú lọ, kò fẹnu kan móínmóín tí mo gbé fún un.

Hameedat ti ń rìn káàkiri ilé kí àwọn fídíò yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ẹ ó wo ọ̀kan lónìí, lọ́la ẹ ò ní bá a mọ́. Adétutù kò jẹun mọ́. Ó ní bí gbogbo rẹ̀ bá tán, ọmọ òun ò ní mọ ohùn bàbá rẹ̀ láyé.

A pe Hakeem tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ajah. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, àfi ká ra áńtífáírọ́ọ̀sì. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní bíi máígáàdì ni, ẹnu ọ̀nà ló máa ń ṣọ́. Mo ní ó dáa, mo ti gba máígáàdì rí. Ta ló máa ṣe oníduúró fún un?

"Màmá," ó ń rẹ́rìn-ín, "ṣé ẹ fẹ́ mọ ìlú ìyá rẹ̀ náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan máa ń yọ fúnra rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí á máa pariwo pé olè ti wà nínú ilé yín, pé ọ̀fẹ́ lòun máa lé e. Mo ní ẹni tí kò tíì wọlé, báwo ló ṣe mọ̀ pé olè wà níbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé wọ́n jọ wá ni? Ìkejì, Bùsàrí ló fi í ránṣẹ́ nínú fíláàṣì. Ẹni tí kò kí wa láti ìgbà tí a ti pín ẹrù, òun ló wá ń fún wa ní ẹ̀ṣọ́. Mo wé fíláàṣì náà sínú ọ̀rá, mo ní kí wọ́n dá a padà fún un. Ìkẹta wà nínú páálí tí wọn ò tíì já. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wà lára rẹ̀. Mo ní kí Adétutù pè é, ènìyàn gidi sì gbé e. Hakeem ní ọdọọdún ni wọ́n máa ń gbowó rẹ̀. Mo ní ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni la lè bá wí.

Hakeem fi í sínú kọ̀ǹpútà. Máígáàdì náà yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó di Jímọ̀, fídíò mìíràn tún lọ. Mo fura sí Hakeem fúnra rẹ̀. Mo fura sí Bùsàrí jù ú lọ. Mo ní kí Adétutù yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, ká wo ibi tí olè máa gbà. Ó yọ ọ́. Òmíràn tún lọ.

Ni mo bá gbé àpótí ìjókòó mi síwájú kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án gangan, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan. Ọfà kékeré ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó dúró lórí fídíò kan, ó fi í sílẹ̀, ó lọ sórí òmíràn, ó tún padà, bí èmi náà ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Kò kánjú. Olè máa ń kánjú. Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù gba pálọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ó ń kó wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan fídíò kan ṣoṣo tó kù. Pátákó pupa kan yọ síta, ọfà náà sì dúró. Èmi ò mọ̀wé. Mo rọra pe Adétutù láti kíṣìnì.

Ó kà á, ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́nu. Ó ní máígáàdì wa ló ń béèrè. Ó ní ẹnì kan wà nínú ilé tó fẹ́ kó èyí lọ, ṣé kí òun lé e ni, àbí kí òun jẹ́ kó kó o? Orúkọ ẹni náà wà nísàlẹ̀.

"Bùsàrí ni, àbí?"

"Rárá, Màámi."

"Hakeem?"

Ó mi orí. Omi ti kún ojú rẹ̀. Àga tó wà láàárín àwa méjèèjì dún, bí àga ṣe máa ń dún bí ẹni tó jókòó bá tẹ̀ síwájú.

"Pe orúkọ rẹ̀ fún mi," ni mo wí.

Ó ní kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni kọ sínú kọ̀ǹpútà yìí rí. Ó ní oríkì ni, èyí tí èmi nìkan fi ń pe ẹni náà láti ọjọ́ tí mo ti bí i.

"Àyìndé ni, Màámi. Ọkọ mi ni."