Aró Inú Ṣòkòtò

Ṣòkòtò tó ya lójúgun ló gbé Adéolúwa, tíṣà kan láti Inísà, dé ṣọ́ọ̀bù Fọláfúnmi aránṣọ ní Ìkìrun.

"Kí ló ya á báyìí, bọ̀dá?"

"Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ti jiná," ni Adéolúwa wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá ọmọbìnrin náà. Ó rán ṣòkòtò náà tán, ó ní òun ò tíì rán an tán, kí oníṣòkòtò lè tún padà wá.

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára. Ọkùnrin ń pè é ní "Àjíkẹ́ mi", òun náà ń dáhùn pé "olówó orí mi", bí ẹni pé wọ́n ti ṣe ìdána. Ìyá Fọláfúnmi ti rán ènìyàn lọ wádìí ní Inísà. Ó ní òun ò níí fọmọ òun fún ilé wèrè, bẹ́ẹ̀ ni òun ò níí fi í fún elégbò àdáàjiná. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Àmọ́ Fọláfúnmi ń jowú. Bí obìnrin bá kí Adéolúwa lẹ́ẹ̀mejì, ó ti dọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọkùnrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Òkukù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí kò sọ ju "ọ̀rọ̀ ẹbí ni" lọ, oorun dá lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó yí ṣòkòtò Adéolúwa síta kó lè tún etí rẹ̀ ṣẹ́, ó sì rí aró tó ta sí i nínú lójúgun.

"Kí nìyí?"

"Íńkì ni."

"Ta ní ń fojúgun kọ̀wé?"

Adéolúwa gba ṣòkòtò náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Fọláfúnmi wọkọ̀ tẹ̀ lé e dé Òkukù. Ó rí i tó yà sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Obìnrin pupa kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì yọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkọ mi, o pẹ́ o! Wọlé, jẹ́ kí n paná."

Ilẹ̀kùn pa dé. Wọ́n fa kọ́tìnì. Àyà Fọláfúnmi gbóná bí ààrò. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé gbàgà.

"Iná wo lẹ fẹ́ pa? Èmi ni n ó tàn án fún yín lónìí!"

Yàrá ṣókùnkùn. Nínú ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó rí Adéolúwa tó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, tó ká ṣòkòtò sókè. Egbò wà lójúgun rẹ̀, wọ́n sì ti fi aró kùn ún.

"Ta nìyí?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí! Ìwọ tí ò ń pè é lọ́kọ, ta ni ọ́?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Jemima ni mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ mi. Àbí kí n máa pe ọmọ ilé ọkọ mi lórúkọ ni?"

Ojú ti Fọláfúnmi. Jemima fà á mọ́ra, ó tilẹ̀kùn, ó sì tan iná pupa kan sí egbò náà.

"Abẹ́rẹ́ ò ran kòkòrò inú egbò yìí mọ́. Aró oògùn yìí ni wọ́n ń mu. Bí iná bá wá bá aró lára wọn, á di oró fún wọn. Ìdí tá a fi ń paná tó kù nìyẹn, kí ìmọ́lẹ̀ mìíràn má ṣáájú rẹ̀. Dókítà wa ṣì ń dán an wò ni, àmọ́ egbò ti ń pa ẹnu dé."

"O ní ó ti jiná," ni Fọláfúnmi wí fún Adéolúwa.

"Àjíkẹ́ mi, mo gbọ́ ohun tí Màmá sọ nípa elégbò. Ẹ̀rù bà mí kí n má baà pàdánù rẹ."

Omi bọ́ lójú Fọláfúnmi. Owú tuntun yìí wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ẹlòmíràn ti mọ ibi tó ń dun ọkọ rẹ̀, òun kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé iná yẹn fún mi. Ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń kun aró náà pẹ̀lú."

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Kí ló kùn ọ́ níka?"

Ọ̀rọ̀ íńkì dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó kúnlẹ̀. "Egbò Adéolúwa ni, Màmá. Kò tíì jiná. Èmi ni mo bá a tọ́jú rẹ̀ lónìí."

Ìyá dìde. Ó bu omi, ó mú ọṣẹ, ó ń fọ ìka ọmọ rẹ̀ títí.

"Kò lọ," ni ìyá wí.

"Kò níí lọ, Màmá."

Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì da omi ọṣẹ náà nù. "Ó dáa. Sọ fún àwọn ará Inísà kí wọ́n máa bọ̀."