Bọ́tìnnì Tí Kò Lórúkọ

Àṣìṣe mẹ́tàlélógójì ni ọmọbìnrin kan kà sí ọkùnrin kan létí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni láti yẹ ìkànnì ayélujára wò bóyá ó bá ìlànà mu, kí àwọn tí kò ríran náà lè lò ó. Má-jẹ̀ẹ́-ó-kọjá ni wọ́n ń pè é.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́," ni ọkùnrin náà, ẹni tó kọ́ ìkànnì ilé ìwòsàn kan, wí. "Irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà wa ló ń kọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀."

"Ṣé irinṣẹ́ ni wọ́n gbà síṣẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ ti fà sí ọmọbìnrin náà.

Ọ̀gá ọkùnrin náà ní ìkànnì ọ̀hún dùn-ún wò, ó sì gbé e síta bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìfẹ́ wọn gbóná tán, ọmọbìnrin náà mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ríran mọ́. Fóònù ló ń ka nǹkan sí bàbá létí. Bàbá fẹ́ fi gba ọjọ́ tí yóò rí dókítà lórí ìkànnì ilé ìwòsàn náà.

"Bọ́tìnnì," ni fóònù wí, kò sọ ohun tí wọ́n ń tẹ ìkọ̀ọ̀kan fún. "Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì."

"Bọ́tìnnì kí ni? Ta ló kọ́ radaràda yìí?"

"Èmi ni, sà. Àmọ́ irinṣẹ́ ló..."

"Bí ilé rẹ bá dàrú lọ́la, ta lo máa ní ó ṣe é? Mi ò lọ́mọ tí mo fẹ́ fún ọ."

Ìyá ọkùnrin náà gbọ́. "Ṣé obìnrin tán láyé ni?"

"Kò tán, Màmá. Ẹyọ kan ni mo rí."

Ọkùnrin náà kọ̀wé sí àwọn tó ni irinṣẹ́ náà. Wọ́n ní bí àwọn ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó pa irinṣẹ́ náà tì, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkànnì náà lójú ewé lójú ewé.

"O ní ọkọ̀, o ń fẹsẹ̀ rìn," ni ọ̀gá rẹ̀ wí.

"Ọkọ̀ ò dé ibi tí mò ń lọ, sà."

Nígbà tí ọkùnrin náà parí, ó gbé ìkànnì náà fún Má-jẹ̀ẹ́-ó-kọjá.

"Ààyò mi, ó ku àṣìṣe mọ́kàndínlógún."

"O ò lè fojú fo ọ̀kan?"

"Mi ò lè fò ó."

Ọkùnrin náà padà sídìí iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà á kó tó ku òdo.

Ó bá ọmọbìnrin náà padà lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó sì dìde dúró. Bàbá na ọwọ́ sí fóònù.

"Bọ́tìnnì: yan dókítà. Bọ́tìnnì: yan ọjọ́."

Bàbá yan dókítà. Ó yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí.

"Kí ló dé tí o fi ọkọ rẹ sílẹ̀ lórí ìdúró?"