Pákò Kẹta

Ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Làsísì kọ́kọ́ fojú kan Sùlíyá, Sùlíyá yìí sì ni ìyàwó. Làsísì nìkan ló ní kámẹ́rà nínú ẹbí, òun ni wọ́n ní kó ya fótò. Ìyàwó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí Làsísì ní kó gbójú sókè, ó wò ó, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe kíá. Ẹsẹ̀ ń ro mí."

Bí ìyàwó ṣe ń pe àbúrò ọkọ nìyẹn, kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn Làsísì mì. Ó ya fótò náà, ó palẹ̀ kámẹ́rà mọ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ síbi tí ọmọlúàbí ń gbé irú rẹ̀ pamọ́ sí. Dàwódù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló niyàwó.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ibà pa Dàwódù láàárín òjò. Sùlíyá ṣe opó rẹ̀ pé. Nígbà náà ni ẹbí ní àwọn yóò ṣú u lópó, kí òun àti Àbẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ lè wà nílé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Bí wọ́n tilẹ̀ ti pẹ́ ní Agége, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀: ọkùnrin tó bá fẹ́ opó a fi pákò tó ń rún ránṣẹ́ sí i. Bí obìnrin náà bá gbà á, ó ti di ìyàwó rẹ̀.

Bàbá Àrẹ̀mú, olórí ẹbí, mú pákò Làsísì lọ fún Sùlíyá. Ó dá a padà. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún mú un lọ. Ó tún dá a padà, ó fi Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ, ó sì lọ sí Ìṣẹ́rì lọ́dọ̀ Suara, bàbá tó bí i. Suara ló ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé èèyàn kọjá odò Ògùn. Apá ń dun bàbá náà, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a wà á.

Ó rẹ Làsísì lọ́dún náà. Fótò yíyà ló fi ń jẹun, òkú ni wọ́n sì ń pè é pé kó wá yà jù. Bó bá ti orí òkú dé, á tún bá ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ nílé, àti ọmọ tó ń béèrè ìyá rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Ìkẹjà ní àwọn fẹ́ fótò ẹyẹ odò fún kàlẹ́ńdà, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dorí kọ Ìṣẹ́rì. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ nìkan ló gbé e débẹ̀, kó máa rò ó.

Sùlíyá kúnlẹ̀ kí i lẹ́bàá odò. "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ń béèrè ìgbà tí o máa dé."

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ẹyẹ ni mo wá yà. Ṣé wàá lè wa ọkọ̀ fún mi?"

Kò sẹ́ni tó dárúkọ pákò nínú àwọn méjèèjì.

Wọ́n ti ọkọ̀ sómi. Sùlíyá jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀, Làsísì jókòó síwájú, ó di kámẹ́rà mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Lékeléke kún etí odò lọ́hùn-ún, wọ́n funfun lórí koríko. Bí Làsísì bá ti gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n á gbéra. Pẹ́pẹ́yẹ igbó kan jáde láti abẹ́ ewé, ó ti wọlé padà kí Làsísì tó ṣí ojú kámẹ́rà. Oòrùn mú, omi ń dán yanranyanran lójú wọn, ẹ̀yìn ń dun àwọn méjèèjì. Títí di ọ̀sán, ìdí ẹyẹ nìkan ni fíìmù náà rí.

Ibi tí igi kan ti tẹ̀ sómi ni ẹyẹ apẹja kékeré kan bà sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí aró, àyà rẹ̀ pọ́n. Làsísì gbé kámẹ́rà, ẹyẹ náà fò. Wọ́n dúró. Ó padà wá bà. Làsísì tún gbé kámẹ́rà, ó tún fò.

Làsísì gbé kámẹ́rà lé itan. "Jẹ́ ká máa lọ. Ó ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ó máa padà. Oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀." Sùlíyá wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. "Ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyí? Ẹ̀ẹ̀mejì péré, ó ti sú yín?"

Làsísì kò yíjú padà. "Sùlíyá, mo ti sọ fún Bàbá Àrẹ̀mú pé kí wọ́n má gbé pákò mi wá mọ́."

Odò ń gbé ọkọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń wà á.

"Kí ló dé?"

"O ti kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ rẹ dẹ́rù bà ọ́ títí wàá fi gbà."

"Ta ló kọ̀ yín?" Inú bí i, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. "Ṣé wọn ò kọ́ yín nílé ni? Opó tó bá gba pákò àkọ́kọ́, wọ́n á ní ó ti ń retí ikú ọkọ rẹ̀. Tó bá gba ìkejì, wọ́n á ní ojú ń kán an. Ìkẹta ni ti obìnrin fúnra rẹ̀. Ìkẹta ni mò ń dúró dè."

Ẹ̀gbẹ́ rélùwéè ní Agége ni wọ́n bí Làsísì sí. Kò mọ àṣà Ògbómọ̀ṣọ́ ju èyí tó jẹ mọ́ oúnjẹ lọ. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì kù.

"Bàbá Àrẹ̀mú ní bí èmi ò bá ṣe, Nùréènì ará Abúlé Ẹ̀gbá ló kàn. Pákò rẹ̀ wà nílé báyìí. Wọ́n ní kí n mú ọ wá gbà á nírọ̀lẹ́ òní."

Ìbátan wọn ni Nùréènì, arúgbó tí ìyàwó kún ilé rẹ̀. Bí Sùlíyá bá kọ̀ ọ́ délẹ̀, a jẹ́ pé ó jáde kúrò nínú ẹbí nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́ kò sì ní bá a lọ.

"Ẹ mọ èyí láti àárọ̀, ẹ wá ń ya ẹyẹ?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Sùlíyá ki àjẹ̀ bọ omi, ó dá ọkọ̀ dúró. "Ṣé àánú mi ló ń ṣe yín tẹ́ ẹ fi gbé pákò wá?"

Làsísì yíjú sí i wàyí, ọkọ̀ mì. "Kì í ṣe àánú. Mo fẹ́ràn rẹ. Ó ti pẹ́. Dàwódù ni kò jẹ́ kí n lè là á lẹ́nu, ojú rẹ̀ ń tì mí títí di òní."

"Mo ṣì ń sunkún rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo tún máa sunkún rẹ̀ nílé yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ ká jọ máa sunkún rẹ̀."

Ẹyẹ apẹja náà ti padà sórí igi, ẹja wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ yà á," Sùlíyá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Báyìí?"

"Iṣẹ́ ni. A máa jẹun lọ́la."

Làsísì yà á. Lẹ́yìn náà ó mú àjẹ̀ kejì, kò sì mọ̀ ọ́n wà, ó ń da omi sí ara rẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Sùlíyá dágbére fún bàbá rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, Làsísì sì wà á délé pẹ̀lú eruku lẹ́nu.

Bàbá Àrẹ̀mú ti tẹ́ ẹní síta, àwọn ẹbí jókòó yí i ká. Sùlíyá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyàwó wa, pákò Nùréènì rèé."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ bá mi dá a padà."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? Ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá. Ìkíní rẹ̀ nìyí, mo fi bọ̀wọ̀ fún òkú ni. Ó ṣì ku méjì fún Nùréènì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti gbé méjì wá ṣáájú rẹ̀, mi ò sì tíì rí ìkẹta. Ṣé a máa ń fo èèyàn nílé yìí ni?"

Bàbá Àrẹ̀mú wo Làsísì láti òkè délẹ̀, sòkòtò rẹ̀ ṣì tutù. "Ìwọ tó o ní o ò ṣe mọ́ ńkọ́?"

"Mi ò mọ àṣà ni, bàbá. Mo fẹ́ ẹ."

Ìyá Làsísì bú sẹ́rìn-ín nínú ilé, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ikú nìyẹn. Bàbá Àrẹ̀mú mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ tá a bí sí Agége, ẹ ó fi wàhálà pa wá. Gbé tìrẹ wá kílẹ̀ tó ṣú. Ó ti rẹ̀ mí."

Èyí tí Làsísì rún láàárọ̀ nìkan ló wà lápò rẹ̀. Ẹnu pákò náà ti fọ́n ká, omi odò ti rin ín. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ méjèèjì gbé e lé Bàbá Àrẹ̀mú lọ́wọ́, Bàbá Àrẹ̀mú sì gbé e fún Sùlíyá. Gbogbo wọn ń retí ohun tó máa wí. Ó fi pákò náà sẹ́nu, ó ń rún un.

Sùlíyá dìde lọ jókòó ti Làsísì nídìí ògiri, Àbẹ̀kẹ́ wá jókòó sí i lẹ́sẹ̀. Bàbá Àrẹ̀mú bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó gbàdúrà fún òkú, fún alààyè, fún àwọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àdúrà náà sì gùn. Nígbà tí Làsísì máa wo ẹ̀gbẹ́, Sùlíyá ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó ti sùn lọ, pákò wà lẹ́nu rẹ̀.

Làsísì nawọ́, ó rọra yọ ọ́, kó má baà gún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ ká ṣe àmín náà jẹ́jẹ́."