Ìgò Mẹ́ta fún Jolien

Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2023 ni Zulma Vandromme kú. Láti ọjọ́ náà, Odiel ọkọ rẹ̀ kò fi bíà kan ẹnu mọ́.

Ogójì ọdún ni àwọn méjèèjì fi mu ìgò kan ṣoṣo ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú, nídìí tábìlì ilé ìdáná wọn. Ìgò kan, ife méjì tó ní ẹsẹ̀, wàràkàṣì tí a gé wẹ́wẹ́. Zulma ló máa ń dà á. Á tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á rọra dà á, á sì dáwọ́ dúró tó bá ku ìwọ̀n ìka kan, kí ìwúkàrà tó sùn sí ìdí ìgò má bàa da ọtí rú.

Ọ̀dọ̀ wọn ni Jolien ọmọ ọmọ wọn ń gbé, nítorí ìyá rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Brussels. Ní ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà, Zulma ra ìgò bíà dúdú mẹ́ta ní ilé ìpọntí abúlé. Ó gbé wọn nàró sí àjà ilẹ̀, ó sì fi òwú so pélébé ìwé mọ́ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Jolien, 2005." Ọjọ́ tí Jolien bá pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọn yóò tó ṣí wọn.

Ó ku oṣù méjì kí ọjọ́ náà pé. Ọ̀sán ọjọ́rú ni, wọ́n ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Odiel ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí itẹ́ òkú. Brecht àti Femke, ọmọ kíláàsì Jolien, tẹ̀ lé e wálé, wọ́n sì rí àwọn ìgò náà.

"Ọtí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà jù wá lọ!" ni Brecht wí. "Ẹ jẹ́ ká dọ̀bálẹ̀ kí i, ká tó mu ún."

"Fi í sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí mi ni Màmá àgbà tọ́jú ẹ̀ dè."

Femke bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ọmọ Màmá! Ṣé ká bá ẹ gbé mílíìkì gbígbóná wá?"

Ẹ̀rín yẹn ni Jolien kò lè fara dà. Ó ṣí ọ̀kan. Orí ìdúró ni wọ́n wà, wọ́n ń gbé ìgò lé ẹnu, wọ́n ń jà á gbà títí ìwúkàrà fi rú bo gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣí èkejì. Brecht fajú ro. "Ó dà bí omi ẹrẹ̀!" Ó da ìyókù sí ibi ìfọ-abọ́. Jolien kò mọ adùn kankan nínú rẹ̀, àfi ẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ra ìgò tuntun méjì ní ilé ìpọntí kan náà. Ó so pélébé ìwé Zulma mọ́ wọn lọ́rùn, ó fi eruku ilẹ̀ pa wọ́n lára, ó sì tò wọ́n síwájú èyí tó ṣẹ́ kù. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Odiel wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó fi omi gbígbóná nìkan ṣan ife méjèèjì, torí ọṣẹ a máa pa ìfófòó bíà. Ó lọ gbé ìgò tó wà níwájú wá. Bó ti ń dà á ni ìfófòó ru sókè, tó ṣàn sórí tábìlì.

"Ọwọ́ mi ti bàjẹ́," ni bàbá náà wí.

Ó tọ́ ọ wò. Ó dúró. Ó tún tọ́ ọ wò, ó sì gbé ife kalẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀."

"Kí ni kò sí níbẹ̀, Bàbá àgbà?"

"Adùn èso àjàrà gbígbẹ. Ṣúgà tó jó díẹ̀. Màmá àgbà ẹ ní wọn á wà níbẹ̀ tó bá gbó. Ìkorò lásán ni mò ń tọ́ wò." Ó nu irunmú rẹ̀. "Ẹnu mi ti kú, ọmọ mi. Ó ti bá a lọ. Ìwọ àti ìyá ẹ, ẹ mu àwọn tó kù."

Jolien wo ojú rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, àṣírí òun kò ní tú láé. Ṣùgbọ́n bàbá yìí yóò gbà títí tí yóò fi kú pé ẹnu òun ti kú, kò sì ní jókòó nídìí tábìlì yìí mọ́ ní aago mẹ́rin.

"Ẹnu yín ò kú, Bàbá. Èmi ni mo purọ́ fún yín." Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò dá nǹkan kan sí.

Odiel na ọwọ́ sí pélébé ìwé tó wà lọ́rùn ìgò náà. "Ìwé tí Zulma fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, o mú un, o so ó mọ́ irọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìyẹn dùn mí ju ọtí lọ. Wàá mú kọ́kọ́rọ́ àjà ilẹ̀ wá fún mi. O ò ní fọwọ́ kàn án títí ọdún á fi parí. Tí ìyá ẹ bá dé lálẹ́, wàá fẹnu ara ẹ sọ ọ́ fún un."

"Mo gbọ́, sà."

Bàbá náà tún gbé ife, ó fi kan ètè. "Ti ìgbà wo lèyí?"

"Oṣù kẹrin."

"Oṣù kẹrin." Ẹ̀rín díẹ̀ yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. "Àbí ẹ ò rí i! Mo ní ó korò. Kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹ, lọ gbé ojúlówó wá. Má mì í o."

Jolien fi ọwọ́ méjèèjì gbé e gun àtẹ̀gùn bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Òun ni Odiel ní kó dà á. Ó tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra dà á, ó sì dáwọ́ dúró nígbà tó ku ìwọ̀n ìka kan. Ọtí náà dúdú, ó parọ́rọ́, ìfófòó rẹ̀ kò nípọn. Wọ́n tọ́ ọ wò.

"Ó wà níbẹ̀," ni Odiel wí, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi mu ìgò kan yẹn. Jolien wá mọ ohun tí ìwàǹwara òun ti bàjẹ́: adùn ohun tí a fi sùúrù pa mọ́ kì í hàn sí ẹni tó ń jà á gbà. Ó sì mọ̀ pé irọ́ tí òun fi bo ẹ̀ṣẹ̀ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohun ìkẹyìn tó kù lọ́wọ́ bàbá àgbà òun. Ìdí rèé tó fi yẹ kéèyàn jẹ́wọ́ ní kíá.

Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọjọ́ náà nìyí:

Ife méjì tó ní ẹsẹ̀.

Ọ́pínà irin tí Zulma fi ń ṣí ìgò, tí ọwọ́ ti mú dán.

Ìgò òfìfo kan, pẹ̀lú ìwúkàrà ìwọ̀n ìka kan ní ìdí rẹ̀.

Pélébé ìwé mẹ́ta, nínú àpótí ìránṣọ Zulma.

Ìgò kejì nínú àwọn tuntun náà, tó nàró nínú òkùnkùn àjà ilẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí Jolien fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: "Odiel àti Jolien, 2023. Ó di ọdún márùn-ún."