Àdúrà Tí Kò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Akínpẹ̀lú jẹun alẹ́, ó bá ìyàwó rẹ̀ ṣàwàdà, ó sùn. Ilẹ̀ mọ́, kò jí. Ọkùnrin tí orí kì í fọ́! Kí òkú tó wọlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ẹnu ti ń kùn: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ó wá ku ìyá rẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, Victoria opó rẹ̀, àti Ẹ̀yẹolúwa, ọmọbìnrin kékeré tó fi sílẹ̀, nínú ilé tó kọ́. Akínwálé, ọbàkan Akínpẹ̀lú, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí wọ́n ta ilé náà. Ìyá ọkọ àti ìyàwó pa ohùn pọ̀, wọ́n ní àwọn ò tà. Akínwálé kò jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa fi àdúrà ràn wọ́n lọ́wọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wàsáàpù nìyẹn, láràárọ̀, sí ẹbí àti gbogbo àdúgbò. Ohùn ọ̀hún sì dùn, ká sòótọ́.

"Ẹ̀yin ará, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ ẹni tó pa Akínpẹ̀lú kò jìnnà. Inú ilé yẹn ló wà. Oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀rín ló ń rín sí wọn. Tí ẹyẹ bá ké níbẹ̀ lóru, ẹ ti mọ ẹni tó rán an."

Òwìwí kan wà lórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, tó ti ń pa eku jẹ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kà á sí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, tó bá ti ké, Victoria á dìde jókòó, á máa tẹ́tí sí ilẹ̀kùn yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Yàtọ̀ sí òun, ta ló tún ń se oúnjẹ nílé, bí kò ṣe Màmá? Tí Màmá bá bu ọbẹ̀ fún un, á gbà á, á dúpẹ́, á lọ dà á fún adìyẹ. Ó ní Ẹ̀yẹolúwa ò gbọdọ̀ sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà mọ́.

"Ìyàwó, kí ni mo ṣe?" Màmá bi í.

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ọmọ ọ̀hún ní iṣẹ́ ilé-ìwé láti ṣe ni."

"Iṣẹ́ ilé-ìwé, lásìkò ọlidé?"

Victoria fa ọmọ rẹ̀ wọ yàrá. Ẹ̀rù ìyá ọkọ rẹ̀ ń bà á gan-an.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, gìrì mú Ẹ̀yẹolúwa. Ojú ọmọ yí sókè, eyín rẹ̀ pàdé gbọin. Victoria tẹ́ ẹ sórí àga, ó sáré bọ́ síta.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi wá ọ̀kadà!"

Kúbúrátù, aládùúgbò wọn, fa ọmọ tirẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Saifudeen ọlọ́kadà ti dúró tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó rí ẹni tó ń pè é, ó tún fẹ́ máa lọ.

"Saifudeen, ọmọ mi ń kú lọ!"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Èmi náà bímọ. Gbogbo wa la ti gbọ́ ohun tí bọ̀ọ̀dá yẹn ń sọ nípa yín."

"Nípa ta ni? Èmi?"

"Ṣebí oúnjẹ yín ni ọkọ yín jẹ sùn."

Màmá ni Victoria rò pé wọ́n ń bá wí láti ọjọ́ yìí wá!

Màmá jáde láti inú ilé, ó gbé Ẹ̀yẹolúwa mọ́ àyà, ó lọ dúró síwájú ọ̀kadà náà.

"Gba orí mi kọjá, àbí kí o gbé wa."

Saifudeen gbé wọn. Lójú ọ̀nà ọsibítù, Màmá sọ ọ́ sí Victoria létí: "Ìwọ ni mo rò pé ó pa ọmọ mi. Ọbẹ̀ rẹ kò kan ẹnu mi mọ́ látìgbà tí Akínwálé ti ń gbàdúrà yẹn."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi tẹ̀ lé mi, mà?"

"Ọmọ ń kú lọ. Mi ò ráyè bẹ̀rù rẹ."

Victoria bú sẹ́kún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé òun náà ti fura sí i.

Ibà ni, nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ. Ìgbà tí ọmọ lajú tó bèèrè omi ni fóònù Victoria dún. Akínwálé ni.

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ nípa ọmọ. Ṣé ẹ ti wá rí ohun tí mo ń wí? Ẹni yẹn, inú ilé yẹn náà—"

Victoria na fóònù sí Màmá.

"Akínwálé, dárúkọ ẹni náà."

"Háà, Màmá! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Èmi ò ní—"

"Àwa méjèèjì la jọ jókòó níbí. Èwo nínú wa?"

Akínwálé pa fóònù.

Nígbà tí Saifudeen wá gbé wọn padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn tuntun ti wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu géètì ọsibítù, ó ń gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin ará, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wà nídìí ẹ̀."

Saifudeen wo àwọn obìnrin méjèèjì. Ó wo ọmọ tó ń sùn léjìká ìyá àgbà.

"Lánàá, ẹnìkan ni," ó ní. "Lónìí, ó di méjì. Ó ku kó fi ọmọ yìí kún un."

Ó ní kí wọ́n gòkè. Nígbà tí wọ́n dé àdúgbò, gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì. Saifudeen dúró níwájú àwọn ilẹ̀kùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọn fèrè ọ̀kadà rẹ̀, kò sì kúrò níwájú ti Kúbúrátù títí obìnrin náà fi jáde wá kí wọn kú ewu ọmọ.