Olè Tó Fi Káàdì Olówó Ńlá Sílẹ̀

Gíláàsì ni Marlon Tibbs kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Aago kan ọ̀sán Sátidé ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nínú oṣù Keje tí ooru ìlú Kessler máa ń mú èèyàn bí ẹni tó jókòó ti ààrò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káàdì tó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó lè múra de àwọn oníbàárà tó máa ń dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Nǹkan rún wómúwómú lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó wòkè. Ẹnì kan ti fọ́ àpótí onígíláàsì tó wà lórí káńtà.

Káàdì méjì péré ló máa ń wà nínú àpótí yẹn, káàdì tí wọ́n tẹ àwòrán àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù sí. Ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀. Èkejì ti lọ.

Marlon kò sá. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí itan níbi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti rí wọn. Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ló mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n mú un lọ. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fọ́ ilẹ̀kùn.

Nígbà tó fi di àárọ̀ Tuesday, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ramona Zielke ti mu kọfí mẹ́ta lórí ìdúró. Obìnrin yìí kì í lè jókòó pẹ́ lórí àga nígbà tí nǹkan bá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Á lọ sójú fèrèsé, á padà, á ṣí fáìlì, á pa á dé.

"Ramona, kí lo tún ń wá kiri?" ni ọ̀gá àgbà àgọ́ wọn bi í. "Olè ni tẹ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ wọlé. Tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ yìí, màá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn."

"Ẹ sì mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó ti padà sẹ́wọ̀n nìyẹn. Wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ látìgbà tó ti jáde, wọn ò tiẹ̀ ní dúró de ilé ẹjọ́."

"Nítorí náà, sáré."

Ohun tó ń jẹ Zielke lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ. Káàdì tí olè gbé lọ, ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó dọ́là ni wọ́n kọ sí i. Èyí tó fi sílẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni.

Ó wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, Orrin Haskett, ọkùnrin sísanra tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ ìbọ̀wọ́ òwú funfun, ó ń nu káńtà.

"Ọ̀gá Haskett, ẹ là á yé mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Kí ló ń mú kí bébà kan wọ́n ju bébà kejì lọ?"

Haskett rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá! Ẹ ò gba káàdì jọ ní kékeré ni?"

"Ekòló ni mo gbà jọ. Fún ẹja pípa."

"Áà, ẹ pàdánù ayé yín." Ojú rẹ̀ tàn bí ti ẹni tí wọ́n ní kó sọ ìtàn ìfẹ́ rẹ̀. "Káàdì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún ọmọ tó wà lórí rẹ̀ ni, ohun tó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì nìyẹn. Wọ́n lè tẹ ọgọ́rùn-ún míràn fún un títí tí irun rẹ̀ á fi funfun, àkọ́kọ́ kì í di méjì. Àádọ́ta péré ni wọ́n tẹ̀. Ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí i. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú bí abẹ. Gbogbo ìyókù, ìrètí ni."

"Ìrètí báwo?"

"Ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Kò sẹ́ni tó ń ra ohun tí ọmọ ogún ọdún ti ṣe. Ohun tó máa ṣe là ń rà! Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àgbà bá pè é kúrò ní líìgì kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́, owó káàdì rẹ̀ á fò sókè kí oòrùn tó wọ̀."

"Èyí tí olè fi sílẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Cody Brandvold. Tèmi nìyẹn. Ajùbọ́ọ̀lù ni, ó ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n apá ajùbọ́ọ̀lù dà bí okùn tó ti gbó. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa já. Àwọn tó ń fi igi gbá a ni owó wọn ń pẹ́. Mo ti rí oníbàárà láti Cleveland, ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn gan-an ló wá wò ó. Ó ti sanwó, ó ku kí n fi ránṣẹ́."

"Èyí tó lọ?"

"Eliezer Montilla. Afigigbá ni. Bàbá Chester Mroz ló ni ín, ó gbé e síbí kí n bá a tà á. Sunday ni ẹgbẹ́ àgbà pe ọmọ náà, lánàá ló kọ́kọ́ mú igi dání níbẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri! Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni káàdì rẹ̀ lówùúrọ̀ yìí. Olè yẹn rí oríire he."

"Bàbá Chester ńkọ́?"

"Màá san ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó rẹ̀ fún un, bí ìwé àdéhùn wa ṣe wí. Èèyàn dáadáa ni mí."

"Ìgbà wo lẹ̀yin gbọ́ pé wọ́n pe Montilla?"

"Bíi gbogbo ayé. Lọ́sàn-án Sunday, lórí rédíò."

Láti ibẹ̀, Zielke gba àtìmọ́lé lọ. Marlon kò gbé ojú sókè.

"Ṣé ìwọ lo jí i?"

"Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́, mà? Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, tó bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora."

"Mi ò ní kó o pòwe fún mi. Ká ní o fẹ́ jí i, èwo lò bá mú?"

Ìbéèrè náà bá a lójijì. "Brandvold ni! Tàbí méjèèjì. Ta ní í fi màlúù sílẹ̀ tí í gbé ewúrẹ́?"

"Irú èèyàn wo ni ọ̀gá rẹ?"

"Kò burú. Ó kàn fẹ́ràn káàdì ju èèyàn lọ ni. Ẹ mọ àpò kéékèèké tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun? Mo fi ẹyọ kan sínú páálí káàdì pàǹtí, àwọn mẹ́wàá-dọ́là-kan tó wà nílẹ̀ yẹn. Odidi wákàtí kan ló fi bú mi. Ó ní ti àwọn káàdì olówó ńlá nìkan ni." Ó wá gbé ojú sókè. "Mà, oṣù mẹ́jọ péré ló kù kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé àwọn tí wọ́n ń ṣọ́."

Zielke kọ oṣù mẹ́jọ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó jáde, ó tún wakọ̀. Òjò ń ṣú, kò rọ̀.

Bàbá Chester Mroz, ẹni tó ti fi iṣẹ́ lẹ́tà pínpín fẹ̀yìn tì, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Àwọn èèyàn ti sọ pé ó pariwo mọ́ Haskett ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ jí káàdì yín?"

"Ọmọ mi, orúnkún mi méjèèjì ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Tí n bá wọ ibẹ̀ lọ jalè, wọ́n á gbọ́ mi ní Toledo."

"Kí lẹ wá ń pariwo fún?"

"Mo ní kó dá káàdì mi padà. Mi ò fẹ́ tà á mọ́. Ó ní kí n fara balẹ̀ di Monday. Mo ti fẹ́ràn ọmọ Montilla yẹn ni. Mo máa ń rí òun àti Noreen níbi tí wọ́n ti ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa jiyàn lórí èyí tó pọ́n."

"Ta ni Noreen?"

"Ìyàwó Orrin Haskett! Ilé wọn lọmọ náà ń gbé. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé àwọn ará ìlú wa ló máa ń gba àwọn ọmọ líìgì kékeré sílé ni? Ọdọọdún làwọn Haskett ń gba ẹyọ kan."

Zielke ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. Odidi ìdajì wákàtí ni Haskett fi sọ̀rọ̀ nípa ọmọ yẹn, kò sì sọ pé abẹ́ òrùlé òun ló ń sùn.

Noreen Haskett fi ayọ̀ gbà á wọlé, ó sì fà á lọ sí kíṣìn-ín tààrà. "Ẹ wá wo òpó ilẹ̀kùn wa. Gbogbo ọmọ tó bá gbé níbí, ọjọ́ tó bá máa lọ ló máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i, àti ọjọ́ náà, àti ibi tó ń lọ."

Ogún orúkọ ló wà níbẹ̀. *Ilé*, ni ọ̀kan kọ. *Ilé ìwòsàn, nítorí èjìká.* *Ilé. Ilé.* Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò tíì ṣá: *Eliezer Montilla. Sátidé, July 13. Líìgì àgbà!*

"Ó mà ga o, màmá. Sátidé?"

"Aago méje àárọ̀ ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ fún aráyé títí di Sunday. Ó kàn wojú wa báyìí, ó bú sẹ́kún."

"Ọ̀gá Haskett náà wà níbẹ̀?"

"Níbo ni ì bá wà? Ẹyin ló ń dín. Òun ló fún ọmọ náà ní báírò." Ẹ̀rín rọra kúrò lójú rẹ̀. "Ṣé kò sí nǹkan o?"

Zielke dì mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan. Kì í ṣe ohun tí ọlọ́pàá máa ń ṣe.

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo wọn pé sí ṣọ́ọ̀bù: Haskett, Bàbá Chester, àti Marlon tí ọlọ́pàá kan mú wá.

"Gbogbo wa la rò pé olè yìí kò mọ káàdì," ni Zielke wí, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. "Èmi rò pé ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ó mọ̀ lọ́sàn-án Sátidé ohun tí ayé kò mọ̀ títí di Sunday: wọ́n ti pe Montilla. Ọ̀gá Haskett, ẹ ní orí rédíò lẹ ti gbọ́ ọ. Òpó ilẹ̀kùn kíṣìn-ín yín ní irọ́ ni. Lẹ́yìn tí Marlon jáde, ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ fọ́ gíláàsì kẹ́ ẹ tó lọ jẹun. Ẹ ò lè fi Brandvold náà pa mọ́ kó lè jọ iṣẹ́ olè gidi, torí oníbàárà yín ń bọ̀ níjọ́ náà, ẹ sì ń bẹ̀rù kí apá ajùbọ́ọ̀lù náà má baà já kẹ́ ẹ tó tà á tán. Ẹ wá fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó ra ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lọ́wọ́ bàbá yìí."

"Ó dáa, mo gbọ́ ọ ní Sátidé," ni Haskett wí. "Ìyẹn ló wá sọ mí dolè?"

"Ó sọ yín dòpùrọ́. Ẹ jẹ́ ká wá olè."

Ó kúnlẹ̀ sídìí àwọn páálí káàdì pàǹtí tó tò sábẹ́ tábìlì. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tì wọ́n sẹ́yìn. Haskett ń làágùn. Nínú páálí kẹsàn-án, Zielke fi ìka méjì mú àpò funfun kékeré kan jáde. Ó mú òmíràn. Ó mú ẹ̀kẹta.

"Ta ní í ra agboòrùn fún òkúta?" ni ó wí. "Ẹ fi àpò mẹ́ta tó ń fa omi sínú páálí tí gbogbo rẹ̀ kò tó ogún dọ́là. Ẹ jalè, ẹ purọ́, ṣùgbọ́n ara yín kò gbà á kí ọ̀rinrin ba káàdì jẹ́."

Ó ki ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ páálí, ó sì fa ike líle kan jáde lójijì, káàdì Montilla wà nínú rẹ̀.

"Ẹ rọra!" ni Haskett ké. "Igun rẹ̀! Ẹ má jẹ́ kí igun rẹ̀ gbá nǹkan!"

Zielke rọra gbé ike náà lé káńtà.

"Orrin," ni Bàbá Chester wí jẹ́jẹ́.

"Ogún ọdún!" Haskett yíjú sí i. "Ogún ọmọ ni mo bọ́ nílé mi, tí mo gbé lọ sí pápá, tí mo dín ẹyin fún. Ilé ni gbogbo wọn ń padà sí. Nígbà tí ẹyọ kan wá dókè, ọwọ́ ìwọ ni káàdì rẹ̀ wà, ìwọ tó kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ nínú páálí!"

"Èmi ńkọ́, ọ̀gá?" ni Marlon bi í.

"Mo rò pé wọ́n máa fi ọ́ sílẹ̀."

"Ẹ ò rò bẹ́ẹ̀."

Haskett bọ́ ìbọ̀wọ́ òwú rẹ̀, ó gbé e lé káńtà, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí ọlọ́pàá.

Zielke pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì gé e. "Marlon, ó ti parí. Máa lọ sílé."

Marlon kò mira. "Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, mà."

"Wọ́n máa kọ ọ́ sínú fáìlì lọ́la."

"Lónìí, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Kí n rí i."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Zielke fa àga, ó jókòó. Ó ya ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: *Marlon Tibbs kò jí nǹkan kan.* Ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì, ó kọ aago.

Marlon kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì rẹ̀ títí ó fi gbẹ, ó ká a sínú àpò àyà, ó sì jáde sójú títì, ó ń fi ọwọ́ di àpò náà mú.