Ẹ̀ka Máńgòrò Orí Páànù Bachirou

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra jẹ ẹ́, kí n lè gbọ́ ohùn ara mi.

Mille neuf cent soixante-huit ni, ọdún 1968, ní Adjamé, ní Abidjan. Lundi, ọjọ́ Ajé, Sìrájù ọmọ ọdún mẹ́ta ń lé ewúrẹ́ kiri àgbàlá. Nígbà tó fi máa di jeudi, Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti sin ín. Ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n pè é. Ìgbẹ́ gbuuru wo ló ń pa ọmọ tó ki pọ́pọ́ báyẹn? Ẹnì kan ní láti wà nídìí ẹ̀.

Ràmúlátù ìyá ẹ̀, ọmọ bíbí Abidjan tó lọ école, ilé ìwé Faransé, dé CM2, ìwé mẹ́fà, sunkún títí ohùn ẹ̀ fi ha. Bachirou ọkọ ẹ̀, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Roxy, kò sunkún. Igi ló ń wò.

Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni. Ẹ̀ka ẹ̀ kan ti nawọ́ bo páànù ilé wọn. Tó bá ti di mángàríbì, àdán á dé, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á máa jà nítorí máńgòrò bí orogún.

Sílífátù, tí wọ́n jọ yálé gbé, á ní, "Ẹ pe ìyẹn ní àdán?"

"Kí ni ò bá jẹ́?" ará ilé kan á dáhùn.

"Ẹyẹ tó léyín lẹ́nu! Ẹ tún ń béèrè?"

Ẹnì kan péré ló ń pariwo pé kí wọ́n gé ẹ̀ka náà: Ìyá Mọ́síùrá, opó bàbá Bachirou, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Bachirou kọ̀ jálẹ̀. Igi táwọn ìyá ń ṣèpàdé lórí ẹ̀, ta ló máa fàdá kàn án?

Sílífátù bu ata sí i: "Ẹni tó bá gé e ló máa kú. Ìyá Sìrájù, o ò rí i pé ọkọ ẹ ló kàn?"

Sìrájù ò tíì pé ogójì ọjọ́ nílẹ̀ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Mùkàrámà àbúrò ẹ̀ lẹ́nu. Òun nìkan àti oyún tuntun ló kù fún Ràmúlátù. Alfa kọ hàǹtú sí wàláà, ó ní omi òjò tí ò kanlẹ̀ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ fún ọmọ mu. Omi òjò ò sì jìnnà: àgbá kan wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń gba omi orí páànù, táwọn ọmọ ti máa ń bù mu tẹ́lẹ̀. Wọ́n bù ú. Ọmọ mu ún. Ọmọ ń gbẹ sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ràmúlátù jáde, ó bá Ìyá Mọ́síùrá tó ti dojú àgbá délẹ̀.

"Yéè! Màmá! Oògùn ọmọ mi lẹ dà nù?"

"Omi yẹn ń rùn, ìyàwó mi."

"Ẹ ti pa ọ̀kan! Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi!"

Gbogbo ilé jáde. Sílífátù fọwọ́ bo ẹnu: "Ẹ̀hẹ́n! Òun náà ni!"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ẹrù Ìyá Mọ́síùrá sínú ọkọ̀ tó ń lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò ṣépè. Ó kàn wo òkè páànù, ó mirí.

Ẹ wá gbọ́ o! Odindi ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ jẹun, ọmọ rẹ́rìn-ín. Sílífátù jó yí àgbàlá ká. Lọ́jọ́ karùn-ún, òjò rọ̀, àgbá kún, alfa kọ hàǹtú ìdúpẹ́, Mùkàrámà mu ife méjì gbáko.

Samedi, ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Opó yẹn ti fọwọ́ bà á kó tó lọ," Sílífátù ló wí bẹ́ẹ̀.

Bachirou wá láyà wàyí: àjẹ́ ti lọ, igi ti di igi lásán. Ó pe Gilbert agégi. Gilbert gùn ún, ó gé ẹ̀ka, ó wo orí páànù, ó fọwọ́ di imú. Faransé ló sọ, Ràmúlátù nìkan ló sì gbọ́ ọ níbẹ̀.

"Madame, c'est cette eau que vous buvez?"

Ṣé omi yìí lẹ ń mu! Ìgbẹ́ àdán ga tó ìka mẹ́ta. Òkú àdán méjì ti jẹrà sójú ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, tààrà sínú àgbá.

*Omi yẹn ń rùn, ìyàwó mi.*

Ràmúlátù sọ ọ́ fún ọkọ ẹ̀.

"Omi tí alfa ní ká bù?" Bachirou ní. "Ìyá Sìrájù, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lọ́la ni wọ́n ń mú hàǹtú oyún inú ẹ bọ̀."

Ràmúlátù lọ sídìí àgbá, ó fèjìká tì í. Omi dúdú ṣàn gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ̀ka ò sí mọ́, oòrùn wọ àgbàlá fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo ilé wá rí i kedere, tòun ti àgbá tó dojú délẹ̀.

Sílífátù fọwọ́ bo ẹnu lójú fèrèsé.

"Ẹ̀hẹ́n! Òun náà ni!"